Frederick McKinley Jones, Ọkùnrin tí Ó Lé Ooru Kúrò nínú Ọkọ̀

Bí ènìyàn bá wọ ọjà ńlá kan ní ilẹ̀ wa, ìbáà ṣe ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, kì í pẹ́ kí ó tó kan àwọn tí ń ta ẹja dídì, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní òkú Èkó. Inú òkun jíjìn ni a ti pa ẹja náà. Ó ti lo ọjọ́ pípẹ́ lórí omi àti lójú ọ̀nà. Síbẹ̀ kò rà, kò sì rùn. Bí a bá bèèrè ohun tí kò jẹ́ kí ó bàjẹ́ nínú oòrùn tí ń mú ganrínganrín bí tiwa yìí, wọn yóò fi ọkọ̀ akẹ́rù kan hàn wá, funfun báláú, tí ẹ̀rọ kan wà ní iwájú àpótí ẹrù rẹ̀, lókè orí awakọ̀. Ẹ̀rọ náà ni ó ń lé ooru jáde kúrò nínú ọkọ̀ náà. Àwa tí a ń jẹ ẹja kì í sábà ronú kan ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí ó sì dúró déédéé lórí ọkọ̀. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ni, ará Amẹ́ríkà, ọmọ òrukàn, tí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11. Orúkọ rẹ̀ ni Frederick McKinley Jones.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún, ọdún 1893, ni a bí Jones ní agbègbè ìlú Cincinnati, létí odò Ohio. Òyìnbó ni bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin sì ni. Aláwọ̀ dúdú ni ìyá rẹ̀. Ìyá yìí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti wà ní kékeré. Bàbá nìkan ni ó kù tí ń tọ́jú rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, ìgbésí ayé kò rọrùn fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Òtítọ́ ni pé a ti fi òfin dá gbogbo ẹrú sílẹ̀ ní 1865, ọdún 28 ṣáájú kí a tó bí Jones, ṣùgbọ́n ìyà kò tíì tán. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni kò gbà wọ́n, ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ni ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Bàbá Jones rí i pé òun kò ní lè tọ́ ọmọ náà bí ó ti yẹ. Nígbà tí ó tó ọmọ ọdún 7 tàbí 8, ó mú un lọ sọ́dọ̀ àlùfáà ìjọ Àgùdà kan tí ń jẹ́ Fadá Ryan, kí ó lè rí ẹ̀kọ́ kọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí bàbá náà kú, Jones sì di ọmọ òrukàn.

Iṣẹ́ pọ̀ ní ilé àlùfáà. Jones a máa gbálẹ̀, a máa fọ ilé, a máa gé koríko ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sì máa wa òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà ní ìgbà òtútù. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn rẹ̀ fà sí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ẹ̀rọ. Bí ó bá rí ohunkóhun tí ń yí tàbí tí ń dún, kò ní sinmi títí yóò fi mọ ohun tí ń mú un yí àti ohun tí ń mú un dún. Àlùfáà náà rí ẹ̀bùn yìí lára rẹ̀, ó sì ń gbà á níyànjú. Ṣùgbọ́n ara ọmọ náà kò gba ìjókòó ilé-ìwé. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 11, ó fi ilé àlùfáà sílẹ̀, ó wọ ìgboro Cincinnati lọ láti wá iṣẹ́ ṣe. Bí ẹ̀kọ́ ilé-ìwé rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Ní àkókò náà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n wà kò pọ̀, àwọn tí ó sì mọ̀ ọ́n tún ṣe kò tó nǹkan. Jones rí iṣẹ́ sí gáréèjì kan tí a ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n gbà á sí. Ṣùgbọ́n bí ọwọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ara ẹ́ńjìnnì ni ojú rẹ̀ wà. Ó ń wo bí àwọn mẹkáníìkì ti ń tú nọ́ọ̀tì, ó ń wo ohun tí wọ́n yọ àti ibi tí wọ́n dá a padà sí. Kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn ọ̀gá gáréèjì rí i pé ọmọ agbálẹ̀ yìí mọ ohun tí ń ṣe ọkọ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọmọ ọdún 14, òun náà ti di mẹkáníìkì. Nígbà tí ó sì tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15, wọ́n fi í ṣe olórí láàrin àwọn àgbàlagbà tí ó lè bí i lọ́mọ. Àwọn àgbà wa kò purọ́ nígbà tí wọ́n sọ pé bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun.

Gáréèjì náà a máa kan ọkọ̀ ìje pẹ̀lú, Jones sì wà lára àwọn tí ń kàn án. Ọkọ̀ ìje kò rí bí ọkọ̀ tí a fi ń lọ sí ọjà. Ó kéré, ó fúyẹ́, kò sì sí ohun ìgbádùn kankan nínú rẹ̀. Eré sísá nìkan ni a tìtorí rẹ̀ ṣe é. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lo gbogbo agbára rẹ̀, ooru rẹ̀ a máa pọ̀ jọjọ. Bí omi kò bá yí ẹ́ńjìnnì ká dáadáa, tàbí bí atẹ́gùn kò bá fẹ́ sí rẹdiétọ̀ bí ó ti yẹ, irin yóò wú, yóò há mọ́ra, ọkọ̀ yóò sì kú sí àárín ìje. Nítorí náà, ẹni tí ń kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ooru ti ń wá, ọ̀nà tí ó ń gbà, àti ibi tí yóò bá jáde. Ìmọ̀ yìí ni Jones gbé dání kúrò ní gáréèjì náà, òun náà ni ó sì wúlò fún un jù lọ nígbà tí ó dàgbà.

Ìbànújẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìje yìí. Ọkọ̀ tí Jones fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn yóò lọ sí pápá, àwọn ènìyàn yóò máa hó yèè sí ẹni tí ó wà á, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kàn án gbọ́dọ̀ dúró sí gáréèjì. Ọ̀gá rẹ̀ kò gbà á láyè láti lọ wo ìje. Ní ọjọ́ kan, Jones kò lè mú un mọ́ra. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ sí pápá láti rí bí ọkọ̀ rẹ̀ yóò ti sáré. Nígbà tí ó padà dé, wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó dun ún wọ egungun. Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó fi ìlú náà sílẹ̀, ó sì ń lọ láti ibi kan dé ibòmíràn láti wá ibi tí a ó ti jẹ́ kí ó ṣe ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní 1912 ni ó dé Hallock, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní àríwá pátápátá, nítòsí ààlà ilẹ̀ Kánádà. Oko ńlá kan wà níbẹ̀ tí a ń fi ẹ̀rọ ro, tí a sì ń fi ẹ̀rọ kórè rẹ̀. Títún àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe ni iṣẹ́ tí Jones rí. Aláwọ̀ dúdú ṣọ̀wọ́n gidigidi ní agbègbè náà, síbẹ̀ àwọn ará ìlú tẹ́wọ́ gbà á. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ọyẹ́ ń mú wá. Ọyẹ́ tiwa a máa la ènìyàn ní ètè. Òtútù tiwọn a máa sọ odò di ilẹ̀ líle tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Bí omi lásán bá wà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ di òwúrọ̀, omi náà yóò dì, yóò wú, yóò sì la irin. Ní Cincinnati, Jones ti rí bí ooru ti ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Ní Hallock, ó rí i pé òtútù náà a máa bà á jẹ́. Ní alẹ́, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lọ sùn tàbí lọ ṣeré, òun a máa ka ìwé lórí ẹ̀rọ àti lórí iná mànàmáná. Ohun tí kò kọ́ ní ilé-ìwé, ó ń fi iná àtùpà kọ́ ọ.

Ogun Àgbáyé Kìíní dé, Jones sì wọ iṣẹ́ ológun. Wọ́n rán an lọ sí ilẹ̀ Faransé, níbi tí ó ti ń fa wáyà iná mànàmáná àti ti tẹlifóònù fún àwọn ọmọ ogun. Iṣẹ́ rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ di sájẹ́ńtì. Nígbà tí ogun parí, ó padà sí Hallock. Láti ìgbà náà lọ, ohunkóhun tí ó bá bàjẹ́ ní ìlú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Ó ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń ya àwòrán egungun fún dókítà ìlú, irú èyí tí a lè gbé lọ sọ́dọ̀ aláìsàn. Ó ṣe ọkọ̀ tí ń fò lórí òjò dídì, tí abẹ̀bẹ̀ bí ti ọkọ̀ òfuurufú ń tì í lẹ́yìn, kí dókítà lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣàìsàn ní ìgbà òtútù. Ó ṣe ẹ̀rọ tí ilé rédíò kékeré ìlú náà fi ń sọ̀rọ̀. Ó tún kan ọkọ̀ ìje, lọ́tẹ̀ yìí kò sì sí ẹni tí yóò dá a dúró sí gáréèjì: òun ni ó kàn án, òun náà ni ó sì wà á lórí pápá.

Ní àkókò náà, sinimá tí ń sọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ilé sinimá Hallock kò ní owó láti ra ẹ̀rọ ohùn, nítorí pé ó wọ́n gidigidi. Jones ṣa àwọn irin àlòkù jọ, ó sì fi wọ́n ṣe ẹ̀rọ ohùn tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Òkìkí iṣẹ́ yìí dé etí Joseph Numero, oníṣòwò kan ní ìlú Minneapolis tí ń ta ohun èlò sinimá. Ní nǹkan bí ọdún 1930, Jones lọ bá a ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe ẹ̀rọ kan tí ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí ń wọ ilé sinimá. Ní 1939, ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Ìwé àṣẹ yìí ni a ń fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ronú kan ohun titun, kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú rẹ̀ tà láìgba àyè.

A ń sọ ìtàn kan nípa bí ọ̀rọ̀ ooru inú ọkọ̀ ṣe wọ Jones lọ́kàn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru mú púpọ̀ ní Minneapolis. Jones wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí etí adágún omi kan láti gba atẹ́gùn. Nígbà tí ó ṣí fèrèsé ọkọ̀, ẹ̀fọn ya wọlé. Nígbà tí ó tì í, ooru fẹ́ pa á. Ó wà láàrin ìyà méjì. Ó wá bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí a kò fi lè ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa mú inú ọkọ̀ tutù. Ó lọ kàwé lórí ọ̀rọ̀ náà, ó ya àwòrán ẹ̀rọ, ó sì gbé e tọ Numero lọ. Numero kò rò pé àwọn ènìyàn yóò fi owó ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Jones sì gbé àwòrán rẹ̀ sí apá kan. Ṣùgbọ́n èrò náà kì í ṣe èrò òmùgọ̀. Ní 1940, ilé iṣẹ́ Packard bẹ̀rẹ̀ sí ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó gba púpọ̀ nínú àyè ẹrù ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí awakọ̀ bá sì fẹ́ kí ó dẹ́kun iṣẹ́ pátápátá, àfi kí ó dá ọkọ̀ dúró, kí ó ṣí ìbòrí ẹ́ńjìnnì, kí ó sì yọ bẹ́líìtì rẹ̀. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti le tó, àní fún ilé iṣẹ́ ńlá.

Ní 1938 ni àyè ṣí sílẹ̀ fún Jones. Ọkùnrin kan tí ó ní ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀rẹ́ Numero, pàdánù ẹrù ẹran adìẹ kan. Ní àkókò náà, yìnyín ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ kí ẹran má baà bàjẹ́. Bí ọ̀nà bá jìn, tàbí bí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà, yìnyín yóò yọ́, ẹrù yóò rà, òwò ọjọ́ náà yóò sì di òfo. Àwọn kan ti gbìyànjú láti gbé ẹ̀rọ amúǹkantutù sórí ọkọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ bàjẹ́. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà sì ti ń sọ pé kò lè ṣeé ṣe. Numero, bí ẹni ń ṣeré, ṣèlérí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ilé iṣẹ́ òun yóò ṣe é. Ọ̀rẹ́ náà kò kà á sí eré. Ó fi ọkọ̀ kan ránṣẹ́. Ó wá ku ẹni tí yóò mú ìlérí náà ṣẹ. Jones wọ inú ọkọ̀ náà, ó wò ó yíká, ó wọn ibi tí ó yẹ kí ó wọ̀n, ó sì jáde wá sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Kí a tó lè mọ iṣẹ́ tí ó ṣe, ó yẹ kí a mọ̀ pé kò sí ẹ̀rọ tí ń dá òtútù sílẹ̀. Àìsí ooru ni à ń pè ní òtútù. Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantutù ni láti kó ooru níbi kan, kí ó lọ dà á sí ibòmíràn. Bí nọ́ọ̀sì bá fi sípírítì nù wá lápá kí ó tó gún wa lábẹ́rẹ́, ojú ibẹ̀ a máa tutù nini, nítorí pé bí sípírítì náà ti ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́ ni ó ń gba ooru kúrò lára wa. Bí a bá sì ń fi póǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́, ìsàlẹ̀ póǹpù náà a máa gbóná, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí a bá fún mọ́ra a máa gbóná. Orí nǹkan méjèèjì yìí ni ẹ̀rọ náà dúró lé. Gáàsì kan wà nínú páìpù rẹ̀. Ẹ̀rọ kan yóò fún gáàsì náà mọ́ra títí yóò fi gbóná gidigidi. Yóò gba inú páìpù wíwẹ́ tí ó wà ní ìta kọjá, níbi tí atẹ́gùn yóò ti fẹ́ ooru náà dànù, gáàsì náà yóò sì di omi. Omi yìí yóò gba ojú ihò tóóró kan wọ inú páìpù mìíràn tí ó wà nínú àpótí ẹrù. Níbẹ̀ ni yóò ti tún di gáàsì, bí ó sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fa ooru kúrò lára ẹran tàbí èso tí ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò padà síbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú ilé, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé ó jókòó jẹ́ẹ́ sójú kan. Lórí ọkọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ a máa gbọ̀n, a máa fò sókè nínú kòtò, a máa gun òkè, a sì máa sọ̀kalẹ̀. Gbígbọ̀n yìí a máa tú nọ́ọ̀tì, a sì máa la ojú ibi tí páìpù ti so mọ́ ara wọn. Bí gáàsì bá ti jò tán, ẹ̀rọ lè máa yí láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní mú nǹkan kan tutù. Àwọn tí ó ṣáájú Jones rí i pé ẹ̀rọ ń bàjẹ́, wọ́n sì pinnu pé kò lè ṣeé ṣe. Jones ní tirẹ̀ bèèrè ohun tí ń bà á jẹ́. Nígbà tí ó rí i pé gbígbọ̀n ni, ó mú ìrírí rẹ̀ lórí ọkọ̀ ìje jáde, nítorí pé kò sí ọkọ̀ tí ń gbọ̀n bí ọkọ̀ ìje. Ó ṣe ẹ̀rọ tí ó le, tí ó lè fara da ìgbọ̀njìgbọ̀njì ojú ọ̀nà. Ó fún un ní ẹ́ńjìnnì kékeré tirẹ̀, kí ó má baà dúró nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá dúró. Ó sì fi ohun èlò kan sí i tí ń mọ ìwọ̀n ooru inú àpótí, tí yóò máa dá ẹ̀rọ sílẹ̀ nígbà tí ooru bá pọ̀, tí yóò sì máa pa á nígbà tí ó bá tutù tó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìgbà àkọ́kọ́ ni ohun gbogbo gún. Ẹ̀rọ tí Jones kọ́kọ́ ṣe wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan, abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n sì so ó mọ́. Ó ń mú ẹrù tutù, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ ti ń sáré, ẹrẹ̀ àti eruku ojú ọ̀nà ń ta bá a, wọ́n sì ń dí i. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ báyìí pé bí ibi tí ooru ń gbà jáde bá dí, ooru yóò padà sínú, ẹ̀rọ yóò sì dákẹ́ iṣẹ́. Jones kò bá ojú ọ̀nà jà, kò sì dá awakọ̀ lẹ́bi. Ó tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, ó dín ìwúwo rẹ̀ kù, ó sì gbé e kúrò lábẹ́ ọkọ̀ lọ sí iwájú àpótí ẹrù, lókè orí awakọ̀, níbi tí ẹrẹ̀ kò lè dé, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i bí ọkọ̀ ti ń lọ. Ibẹ̀ ni a ṣì ń rí i lórí ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ní 1939, wọ́n kọ̀wé sí ìjọba lórí ẹ̀rọ náà. Ní 1942, ìjọba fún Jones ní ìwé àṣẹ rẹ̀.

Ìṣòro mìíràn tún jáde. Bí páìpù inú àpótí ti ń tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a máa dì mọ́ ọn lára. Bí yìnyín náà bá sì nípọn, atẹ́gùn kò ní lè kọjá mọ́. Jones wá ọgbọ́n tí ẹ̀rọ yóò fi máa yọ́ yìnyín náà dànù. Kò sì gbàgbé òtútù Hallock. Ó mọ̀ pé ní ìgbà òtútù, ìṣòro awakọ̀ kì í ṣe ooru mọ́. Kí èso àti ẹ̀fọ́ má baà dì gbagidi ni. Nítorí náà, ó ṣe ẹ̀rọ tí ó lè mú inú àpótí tutù ní ìgbà ooru, tí ó sì lè mú un gbóná ní ìgbà òtútù. Ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 1950.

Numero kò ta ohun èlò sinimá mọ́. Òun àti Jones gbájú mọ́ ilé iṣẹ́ titun tí ń ṣe ẹ̀rọ amúǹkantutù fún ọkọ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí Thermo King. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ológun Amẹ́ríkà rí i pé ẹ̀rọ yìí ju ohun tí a fi ń gbé adìẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí a ń fà sí àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ lára a máa bàjẹ́ nínú ooru. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn àti oúnjẹ. Jones ṣe ẹ̀rọ amúlétutù fún ilé ìwòsàn ojú ogun, ó sì ṣe ẹ̀rọ tí ń tọ́jú oúnjẹ fún ibi tí a ti ń dáná fún àwọn ọmọ ogun. Lẹ́yìn ogun, ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹran, wàrà àti èso láti ìpínlẹ̀ kan dé èkejì. Èso tí ó jẹ́ pé ìgbà ìkórè nìkan ni a ń rí i jẹ tẹ́lẹ̀, àwọn ará ìlú jíjìn wá ń rí i jẹ lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọdún.

Ní 1944, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ amúǹkantutù ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gba Jones wọlé. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó wọ ẹgbẹ́ náà. Àwọn tí ó gba oyè ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga wá ń jókòó pẹ̀lú ọmọ tí ó ti fi ọwọ̀ gbálẹ̀ gáréèjì. Ní ọjọ́ ayé rẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ tí ó lé ní 60, bí 40 nínú wọn sì jẹ́ ti ẹ̀rọ amúǹkantutù. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì, ọdún 1961, Jones kú ní Minneapolis, lẹ́ni ọdún 67. Ní 1991, 30 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ààrẹ George Bush fún òun àti Numero, tí òun náà ti kú, ní àmì ẹ̀yẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àwọn tí ó tayọ nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ. Kò sí aláwọ̀ dúdú tí ó gba àmì ẹ̀yẹ náà rí ṣáájú rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí kì í ṣe pé kí ọmọ fi ilé-ìwé sílẹ̀. Jones fi ilé-ìwé sílẹ̀; ṣùgbọ́n kò fi ìwé sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin ń rí kọ́ ní ọ̀sán lọ́wọ́ olùkọ́, òru ni òun fi wá a. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé ẹni tí yóò wo àrùn sàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ orírun rẹ̀. Bí mẹkáníìkì kan bá ṣí ìbòrí ọkọ̀ àtijọ́ kan lónìí, tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ kò tutù mọ́, ohun tí ó yẹ kí ó wò kò jìnnà sí èyí tí Jones wò. Ǹjẹ́ gáàsì rẹ̀ ti jò? Ǹjẹ́ ìdọ̀tí ti dí ibi tí ooru ń gbà jáde? Ǹjẹ́ bẹ́líìtì rẹ̀ ń yọ̀? Ǹjẹ́ yìnyín ti bo páìpù inú? Bí ó bá sì jẹ́ pé inú ọkọ̀ kò gbóná ní ìgbà òtútù, yóò wò bóyá omi gbígbóná láti ara ẹ́ńjìnnì ń dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Mẹkáníìkì tí kò bá bèèrè, tí ó kàn ń yọ irin kan tẹ̀lé òmíràn, yóò ná owó olówó tán, ọkọ̀ kò sì ní tutù. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Gbogbo ọjọ́ ayé Jones ni ó fi ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì fi ọ̀nà hàn án.